Ìlù Tí Kò Wọ Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé

Bọ́tìnnì kékeré kan wà lára kíbọ́ọ̀dù ìjọ wa ní Ìṣẹ̀rí-Olófin, Alímọ̀ṣọ́, tí àwa tẹ́nọ̀ kì í fi ṣeré. Bí oṣù Kejìlá bá ti ń kanlẹ̀kùn, tí a bá ti gbé ìwé Messiah jáde, kì í pẹ́ tí ohùn á fi bẹ̀rẹ̀ sí í há wa lọ́fun. Ọ̀gá akọrin á wò wá títí, á mirí, á sì na ìka sí bọ́tìnnì náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kíbọ́ọ̀dù á sọ̀kalẹ̀ ní ààbọ̀ ohùn, orin á rọ̀ wá lọ́rùn. A kì í sọ ọ́ síta. A mọ̀ pé bí àwọn akọrin ìjọ ńláńlá bá gbọ́, wọ́n á ní àwa ará Alímọ̀ṣọ́ ti gé orin Handel lẹ́sẹ̀.

Àṣé ní òkè òkun, àwọn ọ̀mọ̀wé olórin wà tí wọ́n ń ṣe ohun kan náà, tí wọ́n sì ń fi yangàn. Ohùn A tí ọ̀pọ̀ ohun èlò òde òní fi ń bára mu, ìgbà 440 ni afẹ́fẹ́ rẹ̀ ń gbọ̀n láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Àwọn tó ń fi ohun èlò àtijọ́ ṣe orin ìgbà Handel, 415 ni wọ́n yàn, nítorí pé ohùn ayé ìgbà náà sábà máa ń rẹlẹ̀ ju tòní lọ. Bí o bá ti 440 sọ̀kalẹ̀ dé 415, ààbọ̀ ohùn kan lo sọ̀ yẹn. Iṣẹ́ ọwọ́ ọ̀gá akọrin wa gan-an nìyẹn. Àwọn náà kò sì pe 415 ní òfin Mósè. Irin ìwọ̀n-ohùn kan tí wọ́n ní ó jẹ́ ti Handel fúnra rẹ̀ ṣì wà dòní, 422 àti ààbọ̀ ló ń dún. 415 jẹ́ àdéhùn láàárín àwọn olórin, kí wọ́n lè jókòó pọ̀.

Ọ̀rọ̀ bọ́tìnnì yìí ló mú mi bẹ̀rẹ̀ sí í tọpa àwọn olóhun-èlò-àtijọ́. Orí fóònù ni mo ti ń wò wọ́n, lóru, nígbà tí jẹnẹrétọ̀ àdúgbò bá ti dákẹ́. Èyí tí mo wò jù ni Messiah tí Christopher Hogwood àti ẹgbẹ́ rẹ̀, Academy of Ancient Music, ṣe ní Westminster Abbey ní Lọ́ńdọ̀nù, tí wọ́n yà sí fíìmù ní 1982. Ọdún 1973 ni Hogwood dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, iṣẹ́ tó sì yàn fún un ni pé kí orin àtijọ́ máa dún pẹ̀lú irú igi, irú awọ àti irú okùn tó wà lọ́wọ́ àwọn tó kọ́kọ́ ṣe é.

Ọratóríò ni Messiah: ìtàn Bíbélì tí a fi orin sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, láìsí aṣọ eré, láìsí pé ẹnikẹ́ni ń jà tàbí ń kú lórí ìtàgé. Charles Jennens ló ṣa àwọn ẹsẹ Ìwé Mímọ́ jọ. George Frideric Handel, ọmọ Jámánì tí wọ́n bí ní Halle ní 1685, tó ti sọ Lọ́ńdọ̀nù di ilé, fi orin sí i láàárín ọjọ́ 24, láti ọjọ́ 22 oṣù Kẹjọ sí ọjọ́ 14 oṣù Kẹsàn-án 1741. Dublin ni wọ́n ti kọ́kọ́ kọ ọ́ fún gbogbo ayé gbọ́, ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹrin 1742. Wọ́n ti bẹ àwọn obìnrin tẹ́lẹ̀ pé kí wọ́n má wọ yẹ̀rì tí wọ́n fi nǹkan tẹ̀ kó lè fẹ̀, wọ́n sì ní kí àwọn ọkùnrin fi idà wọn sílé, kí gbọ̀ngàn lè gba nǹkan bí 700 èèyàn. Owó tí wọ́n pa, ilé ìwòsàn méjì pín níbẹ̀, wọ́n sì fi ìyókù san gbèsè ẹlẹ́wọ̀n 142 tí wọ́n tì mọ́lé nítorí owó tí wọn kò rí san. Orin náà ti túnlé ṣe fún àwọn kan kó tó di pé ẹnikẹ́ni ń bọ̀wọ̀ fún un gẹ́gẹ́ bí ohun àtijọ́.

Nígbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ Messiah Hogwood, mo rò pé ẹ̀rọ fóònù mi ló ń ṣe mí. Ohùn náà kò dán. Okùn fayolín wọn kì í ṣe irin. Ìfun àgùntàn ni, tí wọ́n fọ̀, tí wọ́n lọ́, tí wọ́n nà títí ó fi gbẹ. Ó ní eruku díẹ̀ nínú, ó sì máa ń tètè parí ọ̀rọ̀ rẹ̀, kì í fà á lọ títí bíi ti irin. Hapsikọ́ọ̀dù wà láàárín wọn, dùùrù tí ìka ìyẹ́ ń já okùn rẹ̀ láti inú, dípò òòlù tó ń lu ti píánò. Ìpè ayé Handel kò ní bọ́tìnnì kankan. Irin gígùn tí wọ́n ká ni, ètè àti èémí afunpè nìkan ló sì ń wá ohùn rí nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ti dúró ti afọnkàkàkí láàfin ọba mọ ohun tí mò ń sọ: ohùn tí irin bá gbà láti fún ọ nìkan lo lè rí gbà. Ìdí nìyẹn tí Haleluya inú Messiah fi wà lórí ohùn D. Orí D ni ìpè tí wọ́n ní lọ́wọ́ ti máa ń dáhùn dáadáa, Handel sì kọ orin rẹ̀ síbi tí irin wà.

Ìlù wọn sì jẹ́ abọ́ bàbà tí a fi awọ ọmọ màlúù bò. Awọ àti ìfun kì í fara mọ́ ojú ọjọ́ tó ń yí. Òjò bá ṣú, awọ á dẹ̀. Ooru bá mú, á le. Nínú àwọn fíìmù bẹ́ẹ̀, ìwọ á rí i pé bí ẹsẹ orin kan bá ti parí, àwọn olókùn á tẹ etí mọ́ fayolín wọn, wọ́n á tún un fà. Mo ti ro bí nǹkan ṣe máa rí bí wọ́n bá gbé wọn wá sí Ìṣẹ̀rí nínú oṣù Kẹfà, nígbà tí ògiri pàápàá ń làágùn. Orin á pọ̀ ju fífà lọ tàbí fífà á pọ̀ ju orin lọ, Ọlọ́run ló mọ̀.

Nínú Westminster Abbey yẹn náà ni wọ́n sin Handel sí ní 1759. Níbẹ̀ náà ni èèyàn tó lé ní 500 ti kóra jọ ní 1784 láti fi orin rẹ̀ ṣèrántí rẹ̀. Láti ìgbà yẹn ni Messiah ti ń sanra. Nígbà tí yóò fi di àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ẹgbẹẹgbẹ̀rún akọrin ni wọ́n ń tò sí Crystal Palace ní Lọ́ńdọ̀nù láti kọ ọ́, orin á lọ́ra, á wúwo, ilẹ̀ á máa mì. Bẹ́ẹ̀, nígbà tí wọ́n ṣe é fún Foundling Hospital ní 1754, ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn ọmọ tí òbí wọn gbé jù sílẹ̀, ìwé owó tí wọ́n san fi hàn pé ẹgbẹ́ akọrin kò ju bí ogún èèyàn lọ. Ẹ̀dà ọdún 1754 yìí ni Hogwood tẹ̀lé nínú rẹ́kọ́ọ̀dù tó gbé jáde ní 1980. Mo wo ẹgbẹ́ akọrin wa, àga méjì-mẹ́ta ní ẹ̀gbẹ́ pẹpẹ, mo sì rí i pé ohun tí à ń tijú ní Alímọ̀ṣọ́, Handel kò tijú rẹ̀.

Messiah tó sanra yẹn ló wọkọ̀ ojú omi wá sí Èkó. Àwọn Sàró ló fẹsẹ̀ irú orin bẹ́ẹ̀ múlẹ̀ níbí, àwọn tí ọmọ-ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì gbà lọ́wọ́ olówò ẹrú, tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ ní Freetown, tí àwọn àti ọmọ wọn sì padà wá sílé pẹ̀lú Bíbélì, kóòtù àti ìwé orin. Kí ọ̀rúndún kọkàndínlógún tó parí, Èkó ti ní Robert Coker, atẹdùùrù tí wọ́n ń pè ní Mozart Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Thomas King Ẹkúndayọ̀ Phillips, tó jókòó sídìí dùùrù Cathedral Church of Christ ní Marina láti 1914 títí di 1962. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá akọrin tó wà ní Èkó lónìí, bí o bá tọpa ẹni tó kọ́ ọ̀gá wọn, ìdí dùùrù Phillips ni wàá já sí. Ohun tó sì mú kí irú orin yìí dé ọ̀dọ̀ wa lẹ́yìn odi ìlú ni àmì do-re-mi tí John Curwen tàn kálẹ̀ ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí àwọn míṣọ́nnárì gbé wá. Ọ̀pọ̀ nínú wa ní Ìṣẹ̀rí kò lè ka orin orí ìlà márùn-ún. Fún wa ní sólífà, a ó kọ Handel fún ọ láìṣẹ́jú.

Ohun kan wà nínú ìtàn yìí tí n kò lè fò dá. Olùwádìí kan, David Hunter, tú ìwé owó Handel wò, ó sì rí orúkọ rẹ̀ láàárín àwọn tó ní ìpín nínú Royal African Company ní nǹkan bí 1720. Ilé iṣẹ́ yìí ló ń kó àwọn èèyàn wa kọjá òkun. Ó túmọ̀ sí pé owó kan wà nínú àpò ọkùnrin náà tó mọ òórùn ọkọ̀ ẹrú, àwọn ọmọ ẹni tí wọ́n gbà kúrò nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ sì ni wọ́n gbé irú orin rẹ̀ wá fún wa. N kò torí ìyẹn ju ìwé orin nù. Àwọn Sàró fúnra wọn kò jù ú, wọ́n sì mọ ohun tí ọkọ̀ náà jẹ́ jù mí lọ. Ṣùgbọ́n ó là mí lójú sí nǹkan kan: kò sí ẹni tó lè dá ayé àtijọ́ padà lódindi. Ẹni tó ní òun ń fẹ́ 1754, okùn rẹ̀ ló ń fẹ́, ìpè rẹ̀ ló ń fẹ́, kò fẹ́ ìwé owó rẹ̀. Ṣíṣà ni wọ́n ń ṣà. Bí ó bá wá jẹ́ pé ṣíṣà ni, ó yẹ kí àwa náà lè sọ ohun tí à ń ṣà, àti ohun tí a fi sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Bàbá kan wà nítòsí wa, lójú ọ̀nà tó lọ sí Ìgàndó, ọmọ Àyàn ni. Ní ìrọ̀lẹ́, á jókòó síwájú ilé, á máa tún ọṣán ìlù fà, kórópé á máa kọjá níwájú rẹ̀ pẹ̀lú ariwo Ìkọ̀tún, Ìyànà-Ìpájà. Ọjọ́ kan ni mo yà sọ́dọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú fóònù mi.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá."

"Akọrin, o ò ní kú. Kí lẹ tún ń kọ báyìí?"

"Orin òyìnbó kan ni, sà. Ẹ bá mi gbọ́ ọ, ẹ jọ̀ọ́."

Ìparí Haleluya ni mo fi sí i fún un, ibi tí ìpè àti ìlù ti jọ wọlé. Ó gbé fóònù mọ́ etí, ó sì di ojú méjèèjì.

"Awọ nìyẹn," ó ní. "Kì í ṣe rọ́bà. Ṣé wọ́n ń yá a níná ni?"

"Irin ni wọ́n fi ń fún un, bàbá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu rẹ̀ káàkiri."

"Òjò bá rọ̀ ńkọ́?"

"Wọ́n á tún un fún."

Ó rẹ́rìn-ín. "A jẹ́ pé onílù ni wọ́n lóòótọ́. Ta ló kọ́ wọn?"

Mo ṣàlàyé fún un bí mo ṣe mọ. Mo ní ọgbọ́n fífun ìpè aláìníbọ́tìnnì ti kú mọ́ wọn lọ́wọ́ tipẹ́tipẹ́, hapsikọ́ọ̀dù sì ti di ohun ọ̀ṣọ́ nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Arnold Dolmetsch ló bẹ̀rẹ̀ sí í tún irú nǹkan wọ̀nyí kàn ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Nikolaus Harnoncourt kó ẹgbẹ́ tirẹ̀ jọ ní Vienna ní 1953, Hogwood àti àwọn mìíràn sì tẹ̀ lé wọn. Inú ìwé àtijọ́ ni wọ́n ti ń kọ́ ọ, àti lára àwòrán, àti lára ohun èlò tí wọ́n rí nínú àpótí dígí.

"Àwọn baba wọn kò kọ́ wọn?"

"Àwọn baba wọn ti gbàgbé, sà."

Ó dá fóònù padà fún mi. "Ó mà ṣe o," ó ní, ó sì padà sídìí ọṣán rẹ̀.

Àánú tó wà nínú ohùn rẹ̀ ni mo gbé lọ sílé. Èmi ti ń wo àwọn olóhun-èlò-àtijọ́ bí ẹni tó ń wo olówó. Òun wò wọ́n bí ọmọ òrukàn. Ìlù tó wà lórí itan rẹ̀, igi ọ̀mọ̀ tàbí apá ni wọ́n ń fi gbẹ́ irú rẹ̀, awọ ewúrẹ́ ni wọ́n fi bò ó, ọṣán awọ ló so ojú méjèèjì pọ̀, ṣaworo ló yí i ká. Gúdúgúdú tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, abọ́ igi tí awọ bò lójú kan ṣoṣo, tí a lẹ ìda mọ́ láàárín kí ohùn rẹ̀ lè gún régé, ẹbí kan náà ni òun àti ìlù abọ́ bàbà tó wà ní Westminster Abbey. Bí Handel bá rìn wọ agbo onídùndún, yóò mọ irú ohun tó wà níwájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ní láti ka ìwé kí ó tó mọ bí wọ́n ṣe ń lu gúdúgúdú. Ọmọ jókòó ti baba, ó gbé omele, ó gbọ́ ìbáwí, ó dàgbà, ó gba ìyáàlù. Ìdílé tí orúkọ ọmọ wọn ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Àyàn kò já okùn náà rí.

Ìlú tí mò ń gbé kọ́ mi ní irú èrò yìí kí n tó mọ Handel. Ìtàn Àwórì sọ pé Olófin Ògúnfúnmínire gbé àwo lé omi lẹ́yìn tó kúrò ní Ilé-Ifẹ̀, pé ó ń tẹ̀ lé e létí omi, pé ibi tó rì sí ni kó tẹ̀dó. Ó rì ní Ìṣẹ̀rí, àwọn ọmọ Olófin sì ti ibẹ̀ tẹ̀ síwájú dé Ìdó àti erékùṣù Èkó. N kò tíì gbọ́ kí ará Ìṣẹ̀rí kan sọ pé òun ń wá àwo náà nísàlẹ̀ omi. Kò sí ìdí. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ̀rí, kí ó wo àwọn tó wà nílẹ̀: ta ló bí ta, ta ló fún ta ní ilẹ̀, ta ló ń jẹ oyè ta. Ohun èlò lè rì. Bí àwọn èèyàn kò bá já, ayé àtijọ́ wà níbẹ̀, ó ń náwó lọ́jà.

Ìyà tó wá jẹ ìlù wa ni pé okùn rẹ̀ kò já, ilẹ̀kùn ni wọ́n tì mọ́ ọn. Àwọn míṣọ́nnárì rò pé òrìṣà ló ń gbé inú igi, wọ́n fi dùùrù rọ́pò rẹ̀. Ìjọ African Church tó yapa ní Èkó ní 1901, àti àwọn ìjọ Aládùúrà lẹ́yìn rẹ̀, ni wọ́n jẹ́ kí orin àti ìlù ilẹ̀ wa rí ibi tẹ̀ sí. Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti, baba bàbá Fẹlá, ń fi ohùn ìbílẹ̀ kọ orin ìjọ láàárín àwọn Áńgílíkà Ẹ̀gbá, ó sì gba ogójì orin ó lé mẹ́ta sínú àwo Zonophone ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1922, ṣùgbọ́n píánò ló tẹ̀ lé e lẹ́yìn, kì í ṣe ìlù. Ní 1944, Hubert Ogunde, ọlọ́pàá nígbà náà, ṣe The Garden of Eden and the Throne of God ní Glover Memorial Hall fún Church of the Lord, ìjọ Aládùúrà kan tó ń wá owó ilé ìsìn. Ìtàn Bíbélì, orin láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, owó fún iṣẹ́ rere, gbọ̀ngàn tó kún. Bí Ogunde kò tilẹ̀ yọ eré kúrò nínú tirẹ̀, ibi tí òun àti Handel gbà wọlé kò jìnnà síra. Handel fi òpérà Ítálì tí àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù kò gbọ́ sílẹ̀, ó lọ fi èdè wọn kọ ìtàn Bíbélì fún wọn. Ogunde ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwa náà.

Títí dòní, nínú ọ̀pọ̀ ìjọ, tiwa náà kò yọ sílẹ̀, ìgbà ìdúpẹ́ nìkan ni à ń rántí onígángan, nígbà tí a bá fẹ́ jó lọ sídìí àpótí ọrẹ. Bí orin bá ti di orin tó ní ìwé, a ó ní kí ó lọ jókòó. Afunpè tí a háyà láti Ìkejà á ti gba owó ọkọ̀ lọ́wọ́ akápò, ìwé orin á wà níwájú rẹ̀, orúkọ rẹ̀ á wà nínú ìwé ètò. Awọ tí òyìnbó ń fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ owó wá kiri, a ní i ní ojú ọ̀nà Ìgàndó, a kò sì fún un ní àga.

N kò sọ pé kí a máa fi gángan lu Haleluya. Mo ti gbọ́ irú rẹ̀ níbi ìgbéyàwó, ariwo lásán ni. Ìyáàlù kì í ṣe ohun tí a fi ń ṣe ọ̀ṣọ́ sí ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn. Ọ̀rọ̀ ló ń sọ, ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ ló fi ń sọ ọ́, bí ọ̀rọ̀ orin bá sì ń lọ sókè níbi tí ọ̀rọ̀ ìlù ń lọ sísàlẹ̀, àwọn méjèèjì á máa pe ara wọn ní òpùrọ́. Phillips ti rí wàhálà yìí ní ti àwọn orin ìsìn tí wọ́n túmọ̀. Nínú ìwé rẹ̀, Yoruba Music, tó jáde ní 1953, ó ní ohùn orin gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé ohùn ọ̀rọ̀. Ayọ̀ Bánkọ́lé gbìyànjú ọ̀nà mìíràn ní 1970 nínú Ọ̀nà Àrà, kàǹtátà tó fún àwọn akọrin, dùùrù àti ohun èlò Yorùbá. Kò bẹ Handel kó gba dùndún láàyè. Ó kọ orin tí dùndún ti ní àyè láti ìbẹ̀rẹ̀. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ kí á máa kọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Messiah, kí èyí sì máa jẹ́ Handel, kí ìyẹn sì máa jẹ́ tiwa.

Handel fúnra rẹ̀ ni ẹlẹ́rìí mi lórí ọ̀rọ̀ ìṣòótọ́. Kò sí Messiah kan ṣoṣo tí wọ́n lè pè ní ti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ní Dublin, ó ṣètò orin fún ohùn Susannah Cibber, òṣèré obìnrin tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ níbẹ̀. Ní 1750, ó tún kọ àwọn orin kan fún Gaetano Guadagni, ọ̀dọ́kùnrin ará Ítálì tí ohùn rẹ̀ yàtọ̀. Ẹni tó bá wà nínú gbọ̀ngàn, òun ni Handel ń kọ ọ́ fún. Àwọn tó dára jù nínú àwọn olóhun-èlò-àtijọ́ mọ èyí. Ohun tí wọ́n fi kọ́ mi kì í ṣe pé 1754 dára ju òní lọ. Ohun tí wọ́n fi kọ́ mi ni pé ohun èlò ní ìmọ̀ tirẹ̀, pé kí o tó pàṣẹ fún awọ tàbí ìfun, jókòó kí o gbọ́ ohun tó lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe. Wọ́n fi ọ̀wọ̀ yẹn fún ìfun àgùntàn. Mo ń bèèrè rẹ̀ fún ọṣán.

Mo bá ọ̀gá akọrin wa sọ ọ́ lẹ́yìn ìfidánrawò, bí àwọn sópúránò ṣe ń kó bàtà wọn jọ. Mo ní kí bàbá ojú ọ̀nà Ìgàndó máa wá bá wa jókòó láti oṣù Kẹwàá, kì í ṣe ní ọjọ́ ìdúpẹ́ nìkan.

"Kí ló máa wá ṣe?" ó bi mí. "Kò mọ sólífà."

Mo ní àwa náà kò mọ ìyáàlù. Kí ó wá gbọ́ wa, kí àwa gbọ́ ọ, kí a mọ irú orin tí a lè jọ kọ lẹ́yìn tí Handel bá ti parí tirẹ̀. Ó ronú sí i, ó ní owó ńkọ́ o. Mo ní iye tí à ń fún afunpè, òun náà ni ká fún onílù.

Kò tíì dáhùn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń tẹ ìwé ètò ọdún tó ń bọ̀, mo ti sọ fún un pé ibi tí wọ́n máa ń kọ "onílù" lásán sí, orúkọ ni kó wà níbẹ̀, orúkọ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Àyàn, kó gùn tó ti Handel.